Ohun tí wọ́n fi sí àyà Doris Miller

Oṣù Keje ọdún 1945 ni ilé aṣòfin Amẹ́ríkà tó dá mẹ́dà tí wọ́n ń pè ní World War II Victory Medal sílẹ̀. Nígbà yẹn, ó ti lé lọ́dún kan àtààbọ̀ tí Doris Miller, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ alásè nínú ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, ti wà nísàlẹ̀ òkun Pàsífíìkì. Síbẹ̀, tirẹ̀ ni mẹ́dà náà, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá wọ aṣọ ológun Amẹ́ríkà láti ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1941 títí di ìparí ọdún 1946 ló ni ín. Miller wọ aṣọ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, lórí ọkọ̀ tó ń jó, tó sì ń rì.

Ìdí tí mo fi ń kọ nípa rẹ̀ ni pé iṣẹ́ kan náà la jọ ṣe. Alásè ni mí nínú iṣẹ́ ogun ojú omi Amẹ́ríkà. Culinary Specialist ni wọ́n kọ síwèé, CS la sì ń pe ara wa. Àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ kí ẹnì kan kígbe "ẹ gbé ìkòkò yẹn kúrò lórí iná!" nínú ilé ìdáná ọkọ̀ ogun tó wà láàárín agbami. Nígbà tí mo pe ìyá mi nílé ní Ìbàdàn láti sọ iṣẹ́ tí wọ́n fún mi, wọ́n dákẹ́ lórí fóònù, wọ́n wá ní, "Àkànní, ṣé o kọjá òkun torí kí o lè máa dáná fún ọmọ ogun ni?" Bẹ́ẹ̀, bùkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀ ni wọ́n fi rán gbogbo wa níléèwé. Inú mi bà jẹ́ díẹ̀, àmọ́ mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Nígbà tó yá ni mo sọ ìtàn Miller fún wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì béèrè ìbéèrè kan tí màá dé orí rẹ̀ tó bá yá.

Ní Waco, ìpínlẹ̀ Texas, ni wọ́n bí Miller sí, ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1919. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ọmọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n, òun ló ṣìkẹta. Ó sígbọnlẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà níléèwé, ó sì bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ lóko. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, ó forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ogun ojú omi. Kò pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilẹ̀kùn tó gbà wọlé ṣe rí. Láti ọdún 1919 títí di ọdún 1932, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ò gba aláwọ̀ dúdú tuntun kankan mọ́. Nígbà tí wọ́n tún ṣílẹ̀kùn, ilé ìdáná àti yàrá ìjẹun àwọn ọ̀gá nìkan ni wọ́n ṣí i sí. Mess Attendant ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ń gbé oúnjẹ fún ọ̀gá, wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, wọ́n ń dán bàtà rẹ̀, wọ́n ń kó aṣọ rẹ̀ lọ fọ̀. Bí èèyàn gbọ́n bí ifá, tó lágbára bí erin, kò lè di atọ́kọ̀, kò lè di atúnẹ̀rọṣe, wọn ò sì ní kọ́ ọ ní ìbọn ńlá. Norfolk, ní Virginia, ni wọ́n ti kọ́ Miller níṣẹ́. Norfolk náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé èmi lọ, mo sì máa ń rò ó bí mo bá ń rìn lọ sí èbúté láàárọ̀ pé ọkọ̀ tí Miller lè wọ̀ àti iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn nínú rẹ̀ ò jìnnà síra wọn rárá.

Oṣù Kìíní ọdún 1940 ni wọ́n gbé e lọ sínú ọkọ̀ USS West Virginia, ọkọ̀ ogun ńlá tó gbé èèyàn tó lé ní 1,000. Ibẹ̀ ló ti di abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò. Ẹ̀ka àwọn tó wúwo jù ló wà, òun ló sì borí gbogbo wọn nínú ọkọ̀ náà. Ìyẹn dára púpọ̀ létí mi. Ó túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó wà nínú ọkọ̀ náà, dúdú tàbí funfun, tí kò mọ̀ ọ́n kó tó di ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941, ní èbúté Pearl Harbor ní Hawaii. Miller ti jí, ó ti gbé oúnjẹ àárọ̀ fáwọn ọ̀gá, ó ń kó aṣọ ìdọ̀tí wọn jọ. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́jọ lù ni bàálù àwọn ará Japáànì yọ. Tọpídò, bọ́ǹbù tó ń gba inú omi lọ bá ọkọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹ̀gbẹ́ òsì West Virginia, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bọ́ǹbù méjì sì já wọ inú rẹ̀ látòkè.

Bí agogo ìdágìrì bá dún lórí ọkọ̀ ogun, kò sí alásè mọ́. Olúkúlùkù ló níbi tí yóò sáré lọ. Ibi tí Miller yẹ kó lọ ni ilé tí wọ́n ń kó ọta ìbọn ajàbàálù sí láàárín ọkọ̀. Nígbà tó débẹ̀, tọpídò ti bà á jẹ́. Kò sáré pa mọ́. Ó kọjá sí oríta kan nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Times Square, níbi tí gbogbo ọ̀nà ti pàdé, ó ní òun rèé, kí wọ́n lo òun. Ọ̀gá kan rí i bó ṣe tóbi tó, ó ní kó tẹ̀ lé òun lọ sókè, níbi tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀, nítorí wọ́n ti ṣe Captain Mervyn Bennion tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ léṣe. Bọ́ǹbù tó bú lórí ọkọ̀ Tennessee tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló fọ́n irin káàkiri, irin náà ló sì la ikùn Bennion.

Miller àti àwọn mìíràn gbé e. Wọn ò lè gbé e kúrò lókè náà pátápátá, wọ́n gbé e kúrò lójú ibi tí ọta ti ń rọ̀ lọ sí ibi tó ní ààbò díẹ̀. Bennion ò gbà kí wọ́n gbé òun sọ̀ kalẹ̀. Ó ń béèrè bí ìjà ṣe ń lọ títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀.

Ibi gbígbé yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yára fò kọjá kí wọ́n lè dé orí ìbọn. Èmi ò lè fò ó. Bí agogo ìdágìrì bá dún lórí ọkọ̀ tèmi, àwọn tó ń gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ ni mo wà lára wọn, bíi ti ọ̀pọ̀ CS. Ọmọlangidi ńlá kan ni a fi ń ṣe ìdánrawò. A óò dì í mọ́ pátákó ìgbé-aláìsàn, èèyàn mẹ́rin á wà nídìí rẹ̀, a óò sì gbé e gun àkàbà irin tí kò fẹ̀ ju èjìká ẹnì kan lọ. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù. Apá mi máa ń gbọ̀n fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, ọwọ́ mi ò ní lè di ṣíbí mú. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tiwa dúró gbọningbọnin lọ́jọ́ ìdánrawò, iná mànàmáná ń tàn, kò sí ẹni tó ń yìnbọn lù wá, ọmọlangidi náà ò sì lè ké.

Ọkọ̀ ti Miller ti dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Epo ti bo ilẹ̀, omi ti wọlé, èéfín dúdú sì gba gbogbo ọ̀nà. Nínú epo àti omi yẹn ló ti ń gbé àwọn tó gbọgbẹ́, tó ń wọ́ wọn lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti lè rí ìrànlọ́wọ́. Àwọn tó kọ ìròyìn ọjọ́ náà sílẹ̀ sọ pé láìsí àní-àní, ó gba ẹ̀mí àwọn kan là tí wọn ì bá kú. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mẹ́dà Miller wà fún, ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ tọ́ka sí.

Ìbọn náà rèé. Láàárín kí wọ́n gbé ọ̀gá ọkọ̀ àti kí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀, ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Frederic White pè é pé kó wá bá òun kó ọta sínú ìbọn arọ̀jò-ọta Browning méjì tí kò sẹ́ni nídìí wọn. White rò pé ọta ni Miller yóò máa fi bọ́ ìbọn. Ó yíjú padà báyìí, Miller ti wà nídìí ọ̀kan, ó ti ń yìn ín sókè sí bàálù. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìbọn yẹn rí. Ohun tí Miller fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà ni pé kò le, òun ti ń wo àwọn mìíràn bí wọ́n ṣe ń ṣe é, òun kàn fa ohun tí wọ́n ń fà ni, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó ní ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 tí òun fi yìn ín. Nígbà tí ọta tán, ó tún padà sídìí gbígbé èèyàn, títí wọ́n fi ní kí gbogbo wọn fi ọkọ̀ sílẹ̀. West Virginia jókòó sí ìsàlẹ̀ èbúté. Àwọn tó kú nínú rẹ̀ lé ní 100.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé ó já bàálù mẹ́rin, àwọn kan ní mẹ́fà. Ìwé tí wọ́n kọ mọ́ mẹ́dà rẹ̀ ò ka bàálù kankan. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Miller dúró ti ọ̀gá rẹ̀ lábẹ́ ìbọn, bọ́ǹbù àti iná, ó bá wọn gbé e, ó sì yìnbọn títí wọ́n fi ní kó kúrò. Kò nílò ju ìyẹn lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì fi àbùlà kún un torí pé ó fẹ́ràn rẹ̀.

Bí ọdún 1942 ṣe wọlé, iléeṣẹ́ ogun ojú omi gbé orúkọ àwọn tó ṣe gudugudu méje ní Pearl Harbor jáde. Orúkọ wà fún gbogbo wọn àfi ẹnì kan. "Négro kan tí a ò dárúkọ" ni wọ́n kọ. Ìwé ìròyìn aláwọ̀ dúdú, Pittsburgh Courier, kò gbà. NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, náà béèrè. Oṣù Kẹta ni gbogbo ayé tó gbọ́ pé Doris Miller, ọmọ Waco, ni. Sẹ́nétọ̀ James Mead àti aṣojú John Dingell gbé àbá lọ sílé aṣòfin pé Medal of Honor ni kí wọ́n fún un, èyí tó ga jù lọ. Frank Knox tó jẹ́ ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ogun ojú omi ò fara mọ́ ọn. Lẹ́tà ìyìn ló fi ránṣẹ́ sí i, ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin. Ariwo ò rọlẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fún un ní Navy Cross.

Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1942, lórí ọkọ̀ agbébàálù Enterprise, ní Pearl Harbor kan náà, Admiral Chester Nimitz fọwọ́ ara rẹ̀ fi mẹ́dà náà kọ́ àyà Miller. Fọ́tò rẹ̀ wà. Aṣọ funfun ni Miller wọ̀, ó nà gbọọrọ, ojú rẹ̀ le koko, Nimitz sì dúró síwájú rẹ̀. Nimitz sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ rèé nínú ogun náà tí irú ẹ̀yẹ gíga bẹ́ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀yà Miller láàárín àwọn ọmọ ogun ojú omi Pàsífíìkì. Lọ́jọ́ kejì, Enterprise wọ́ jáde lọ sí ìjà Midway.

Àgbélébùú idẹ ni Navy Cross, ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan wà láàárín rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ dúdú bí aró, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín kọjá. Lọ́jọ́ tí Miller gbà á, mẹ́dà mìíràn ṣì wà láàárín Navy Cross àti Medal of Honor. Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni ilé aṣòfin tó gbé e sókè tó fi di igbákejì.

Ìgbà tí mo dé ibí yìí ni ìyá mi béèrè ìbéèrè wọn. Wọ́n ní, "Nígbà tí wọ́n fún un tán, iṣẹ́ wo ni wọ́n wá gbé e lọ?"

Màámi, ilé ìdáná ni.

Wọ́n fi oyè kékeré kún un, ó di Mess Attendant onípò kìíní. Ní ìparí ọdún 1942, wọ́n mú un wálé láti lọ bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè ra ìwé owó ogun, èyí tí ìjọba fi ń yá owó lọ́wọ́ aráàlú fún ogun: Oakland, Waco, Dallas, àti Great Lakes nítòsí Chicago, níbi tí àwọn ọmọ ogun ojú omi dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ tó yàtọ̀ sí ti ilé ìdáná ti ń jáde. Mo máa ń ro bó ṣe rí lára rẹ̀ láti dúró níwájú àwọn ọmọkùnrin yẹn. Wọ́n ti fún wọn ní ohun tí wọn ò fún òun, òun sì wà lára ìdí tí wọ́n fi rí i gbà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sórí páálí tí wọ́n fi ń pe èèyàn wá sógun, pẹ̀lú Navy Cross láyà rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé ohun tó ṣe kọjá ohun tí iṣẹ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n máa ń kọ sínú ìwé Medal of Honor. Wọ́n fún un ní ọ̀rọ̀ mẹ́dà náà, wọ́n di mẹ́dà mú. Ó dùn mí.

Ní ọdún 1943, ó di alásè onípò kẹta, wọ́n sì gbé e sínú Liscome Bay, ọkọ̀ agbébàálù kékeré tuntun. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n wà nítòsí erékùṣù Makin, ní Gilbert. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ 24, agogo márùn-ún ti kọjá díẹ̀, tọpídò kan ṣoṣo láti inú ọkọ̀ abẹ́ omi Japáànì I-175 bà á, ó sì mú ilé tí wọ́n kó bọ́ǹbù bàálù sí. Ìṣẹ́jú 23 ló fi rì. Èèyàn 272 ló yè. Àwọn tó lé ní 640 bá a lọ, ádímírà kan wà nínú wọn. Bí mo bá ń ka wákàtí yẹn, ilé ìdáná ni mo ń rí, nítorí bí agogo márùn-ún bá ti kọjá, àwa alásè ti wà lẹ́nu iṣẹ́, iná ti wà lábẹ́ ìkòkò.

Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1943, ọdún méjì géérégé sí ọjọ́ Pearl Harbor, ni ìròyìn dé ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀ ní Waco pé wọn ò rí i.

Purple Heart, mẹ́dà àwọn tó gbọgbẹ́ tàbí tó kú lójú ogun, tẹ̀ lé e lẹ́yìn ikú. Ó tún ní American Defense Service Medal, èyí tó wà fún àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ogun tó dé bá Amẹ́ríkà. Ó ní Asiatic-Pacific Campaign Medal. Ó ní ti ìṣẹ́gun tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Òun nìkan kọ́ ni alásè tó gba Navy Cross nínú ogun náà. Leonard Roy Harmon, ọmọ Texas bíi tirẹ̀, mess attendant bíi tirẹ̀, fi ara rẹ̀ bo ẹlòmíràn lórí ọkọ̀ San Francisco ní Guadalcanal, ó sì kú síbẹ̀. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà. Harmon náà yẹ kí ẹnì kan jókòó kọ ìtàn rẹ̀ ní Yorùbá.

Wọ́n ti fi orúkọ Miller pe ọkọ̀ kan rí, ní ọdún 1973. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, lọ́jọ́ ìrántí Martin Luther King, wọ́n kéde pé ọkọ̀ agbébàálù ńlá tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ CVN-81 yóò máa jẹ́ USS Doris Miller. Kò sí ọkọ̀ agbébàálù Amẹ́ríkà tó jẹ́ orúkọ aláwọ̀ dúdú rí. Kò sí èyí tó jẹ́ orúkọ ọmọ ogun tí kì í ṣe ọ̀gá rí. Orúkọ ààrẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ́. Newport News ni wọ́n ti ń kàn án, kò jìnnà sí Norfolk. Nígbà tí ìròyìn náà jáde, àwa CS dìde nínú ilé ìdáná, a pàtẹ́wọ́, ọ̀gá wa tó jẹ́ ọmọ Filipínì (àwọn náà ni wọ́n há mọ́ ilé ìdáná nígbà ayé Miller) sì ń nu ojú rẹ̀.

Inú mi dùn sí ọkọ̀ náà, àmọ́ ọkọ̀ kì í ṣe mẹ́dà. Ọmọ ogun ojú omi 15 ló gba Medal of Honor nítorí Pearl Harbor, Bennion wà lára wọn, ó sì tọ́ sí i. Nígbà ogun náà, kò sí aláwọ̀ dúdú kankan tó gbà á. Ọdún 1997 ni Ààrẹ Clinton tó fún méje, gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀, ẹnì kan péré ló ṣì wà láàyè láti gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tún ìwé àwọn méje yẹn wò, wọ́n sì rí i pé ó yẹ. Wọ́n lè tún ti Miller náà wò. Àwọn aṣòfin ti gbé àbá rẹ̀ wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, tẹ́ ẹ sì ní ìwé ìdìbò Amẹ́ríkà lọ́wọ́, ẹ kọ̀wé sí aṣojú yín. Èmi ti kọ tèmi.